Ọwọ́ Opó Tó Ká Murukku Ìyàwó: Ìgbésí Ayé Màmá Pechiammal Esakkimuthu (1940–2023)

Ní oṣù kẹta ọdún 1940, ní abúlé kan tí odò Thamirabarani ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ni Baba Sudalaimuthu, àgbẹ̀ onírẹsì, àti ìyàwó wọn, Muppidathi, bí ọmọbìnrin wọn kẹrin. Ọkùnrin ni Baba ń retí. Wọ́n ní wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì gba oko lọ. Kò pẹ́ tí ọmọ ọ̀hún fi di ààyò wọn.

Ọdún márùn-ún péré ni Màmá lò nílé ìwé. Ìdí iná ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ tó sọ wọ́n di ẹni àpéwò: murukku àfọwọ́ká, ìpápánu dídín kan, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìka ni a fi ń lọ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ti ẹ̀wà dúdú wẹ́wẹ́ bí okùn, tí a ó máa ká a yípo kó tó wọ inú òróró gbígbóná. Ẹni tó bá ká ìpo márùn-ún ti gbìyànjú. Màmá ń ká mọ́kànlá, wọ́n á sì tún máa sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò lé e.

Ní 1958, wọ́n fẹ́ Baba wa Esakkimuthu, tó ń fi màlúù yí ọlọ láti fún òróró. Kò sí ìgbéyàwó kan ládùúgbò tí murukku Màmá kì í ṣíwájú ẹrù ìyàwó. Àfi ìgbà tí ibà mú Baba lọ ní 1972. Opó kì í fọwọ́ kan ẹrù ìyàwó lọ́dọ̀ wa, kí orí burúkú má baà ran ọkọ àti aya. Àwọn tó ń yin Màmá lánàá kò pè wọ́n mọ́. Ìsọ̀ ibùdókọ̀ ni wọ́n ń dín murukku fún, òun ni wọ́n fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gbé ẹrù ìyàwó kọjá, Màmá á wọlé, wọ́n á sì tilẹ̀kùn. Ó dùn wọ́n ju ebi lọ.

Ó di 1984. Ìyá àgbà Gomathi, aládùúgbò wa, fẹ́ fa ọmọ-ọmọ wọn fún ọkọ, wọ́n sì ti ṣèlérí murukku onípo mọ́kànlá fún àwọn àna. Inú oòrùn gangan ni àwọn obìnrin ilé lọ sá ìrẹsì tí wọ́n fọ̀ sí, dípò abẹ́ ibòòji. Ìyẹ̀fun gbẹ jù. Bó bá ti di ìpo kẹta, á já. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, wọ́n pe Màmá gba ẹ̀yìnkùlé, pé kí wọ́n fẹnu júwe, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Màmá júwe títí ọ̀fun wọn fi gbẹ. Síbẹ̀, ó ń já.

Ìyá àgbà Gomathi ní, "Pechi, wọlé jàre, wá ká nǹkan yìí."

Àbúrò Ìyá àgbà fi igbe ta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Opó mà ni!"

"Èmi wá ńkọ́? Ta ló tọ́ ìyàwó ọ̀hún? Ṣé kì í ṣe opó ni? Bó ò bá jẹ́ kó wọlé, màá lọ bá a jókòó níta, kẹ́ ẹ wá ìyá àgbà míì."

Màmá wẹ̀. Wọ́n fọ ìrẹsì tuntun, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòòji, wọ́n gún un kó tó gbẹ tán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ká ọgọ́rùn-ún ó lé kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wọ́n gidi: bí ọkọ àti aya bá jà, ọrùn ta ni wọn yóò dì í kọ́? Ọdún kan gbáko ni Màmá fi ń gbààwẹ̀ gbogbo ọjọ́ Ajé, tí wọ́n ń ṣọ́ ìgbéyàwó náà ju àwọn tó ṣe é lọ. Nígbà tí ìyàwó bí ìbejì, Màmá sunkún, wọ́n sì jẹun àjẹyó. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń pè wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wa Vadivu, tó ti ń bá Màmá ká murukku, pàdánù ọkọ tirẹ̀ ní 2021. Nígbà tí iṣẹ́ ìgbéyàwó tún dé, ó sá wọ yàrá.

Màmá ní, "Jáde wá. Ọwọ́ tèmi ti ń gbọ̀n."

"Màmá, wọ́n á sọ̀rọ̀."

"Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n á jẹ ẹ́ náà ni."

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2023 ni Màmá sùn, tí wọn kò jí mọ́. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Vadivu, Arunachalam àti Nambi, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje àti àtọmọdọ́mọ mẹ́ta. Láàárọ̀ tí a gbé wọn jáde, ìyá ìyàwó kan wá kí Vadivu. Ó sunkún dáadáa, ó nujú, ó sì rọra béèrè ọjọ́ tí a ó parí ọ̀fọ̀, kí òun lè wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ murukku ọmọ òun. Vadivu dá ọjọ́ fún un.

Màmá, ọwọ́ yín kò gbé ibi dé ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ sùn un re.