Fáìlì Tó Sọnù àti Irinṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń rí oorun sùn dáadáa? Àwa níhìn-ín ò ráhùn, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ láṣedànù. Ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹni tó gbé e wá bá ọ á fi ẹnu ara rẹ̀ kí ọ kú iṣẹ́. Àmín.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí o fẹ́ ṣí ni mo torí ẹ̀ mú bírò. O ní o ò ní ṣí i láìjẹ́ pé mo súre sí i, n ò sì tíì kọ èsì. Kì í ṣe pé inú ń bí mi o, lẹ́tà rẹ ló dẹ́rù bà mí. O ní gbogbo irinṣẹ́ tí wàá fi máa tún kọ̀mpútà àwọn èèyàn ṣe, ọ̀fẹ́ ni: ọ̀kan ń gbá inú rẹ̀ mọ́, ọ̀kan ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná, ọ̀kan ń lé àrùn, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé inú yàrá rẹ lo ti máa wọ inú kọ̀mpútà ẹni tó wà ní òdìkejì ìlú. Eléyìí, jọ̀wọ́, máa kan ilẹ̀kùn kí o tó wọlé, ilé onílé ni. Èmi tí mo ti ń ṣe káfíńtà láti ìgbà èwe mi, n ò rí ayùn ọ̀fẹ́ rí. Irinṣẹ́ tí èèyàn ò bá rà, ó yá a ni tàbí ó jí i. Mo bi ìyá rẹ pé èwo ni tìrẹ nínú méjèèjì, ó ní kí n lọ sùn.

Orí ìyẹn la wà tí ọ̀ràn àbúrò rẹ obìnrin fi ṣẹlẹ̀. Ó ti sọ díẹ̀ fún ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sọ ipa tèmi níbẹ̀, ojú ń tì í ni. O mọ̀ pé òun ni akọ̀wé iléèwé. Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, omijé ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀, ó ní òun ti ṣèèṣì da fáìlì gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò àṣekágbá sí ibi ìdọ̀tí, òun sì ti da ìdọ̀tí náà nù, ọ̀gá iléèwé sì ti ní kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

Kí ni èmi mọ̀ ní fáìlì? Irin onígun mẹ́ta tí mo fi ń pọ́n eyín ayùn ni mo mọ̀. Mo ní háà, wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́, ó mà dára o. Mo gbé réèkì, mo gba ẹ̀yìn iléèwé, mo tú ààtàn wọn láti òkè délẹ̀. Mo rí bàtà ẹsẹ̀ kan, mo rí ìdérí ìkòkò tí ìyá rẹ torí ẹ̀ bá aládùúgbò wa jà, n ò rí fáìlì kankan. Mo bá padà sílé, mo ṣí àpótí mi, mo mú fáìlì tèmi, mo mú tuntun tí mo ṣì wé sínú bébà mọ́ ọn. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Máfọwọ́kàn-án, torí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irinṣẹ́ mi! Mo kó wọn lọ bá ọ̀gá iléèwé, mo ní ìyáàfin, ẹ gba èyí ná, màá máa ra ìyókù díẹ̀díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má lé ọmọ mi. Obìnrin náà wo fáìlì, ó wò mí, ó sì di ògiri mú. Ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ iléèwé ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní òun fún àbúrò rẹ títí di ọjọ́ kejì.

Ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ pè ọ́. O ní kó lo fláàṣì tí o fi sílẹ̀ nílé, pé irinṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń wá ohun tí wọ́n ti pa rẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sórí ẹ̀rọ náà, kí tuntun má baà bo àwọn tó sọnù mọ́lẹ̀. Ìyẹn yé mi yékéyéké. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gba bírò lọ́wọ́ gbogbo olùkọ́, mo gba ṣọ́ọ̀kì, mo gba pẹ́ńsù olùkọ́ ìṣirò tó ń bá mi jiyàn pé ohun tí o wí kọ́ nìyẹn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan.

Irinṣẹ́ rẹ tí kò ní irin kankan nínú bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Orúkọ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì àwọ̀ ewé fún èyí tó pé, pupa fún èyí tó ti bàjẹ́. Pupa ò pọ̀, ìwé àwọn ọmọ tí tiwọn bàjẹ́ sì wà nílé wọn, wọ́n mú un wá, wọ́n sì tún un tẹ̀. Ọ̀gá iléèwé di àbúrò rẹ mọ́ra, kò sì rántí ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù mọ́. Mo ní kí àbúrò rẹ bi ọ́ pé èló la máa san fún onírinṣẹ́. O ní a ò san nǹkan kan, àwọn tí o ò rí rí ló ṣe é, wọ́n gbé e síta, wọ́n ní kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ mú un.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Bàbá mi ló ra ayùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn: ọmọ á kọ́ṣẹ́, bàbá á ra irinṣẹ́. Nígbà tí o wá ní o ti ní gbogbo rẹ̀, pé ọ̀fẹ́ ni, ó dùn mí. Mo rò pé kò sí ohun tó kù tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí ti ṣe bàbá fún ọ, wọn ò sì béèrè ọpẹ́. Bá mi kí wọn. Tí àga wọn bá ṣẹ́, kí wọ́n gbé e wá.

Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ò sì lè dúró sí òfuurufú, torí náà mo ti kan tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ. Igi líle ni, mo lu ihò sẹ́yìn rẹ̀ fún wáyà bí àbúrò rẹ ṣe júwe, mo ṣe dúrọ́ọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Awakọ̀ tó máa gbé e wá nìkan ni kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí, nítorí náà fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi owó fáìlì kan lé e, ọ̀gá iléèwé ti gbé tèmi kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀.

Ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ èèyàn ò ní dá lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ ni wọ́n á ti rí i. Mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ mi yẹ gbogbo etí tábìlì náà wò, kò sí ẹ̀gún igi kankan tó máa gún ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ