Ìbéèrè Tí Mo Sá Fún Nígbà Mẹ́ta

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ kú làálàá. Ìyá mi, ẹ kú àmójútó ilé. Sàkà àbúrò mi, o kú ìtọ́jú àwọn àgbà. Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Ṣakí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà yóò gbọ́ lẹ́tà yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn.

Sàkà á ti sọ fún yín pé mo ti ríṣẹ́ ní Odeda, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin. Ohun tí n kò sọ lórí fóònù ni bí mo ṣe rí i, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín.

Láfẹ́nwá ni mò ń gbé ní Abẹ́òkúta níbí. Àpáta ló wà lẹ́yìn yàrá mi. Bí oòrùn bá ti wọ̀ pàápàá, ooru rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀; mo máa ń gbé ọwọ́ lé ògiri kí n lè mọ ìgbà tí yóò tutù. Oṣù àkọ́kọ́ le. Èrò pọ̀ lójú pópó, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe orúkọ mi, onílé mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, síbẹ̀ òun ló máa ń kan ilẹ̀kùn mi fún sààrì nínú oṣù ààwẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ fún intafíù tí n kò rí iṣẹ́ gbà. Ìbéèrè kan náà ló ń gbé mi ṣubú: kí ló mú mi kúrò níbi iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Mo máa ń ní wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù ni, bí mo ṣe sọ fún ẹ̀yin náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin tó ń bi mí ní kí n fún òun ní nọ́ńbà ọ̀gá mi àtijọ́. Mo ní ó ti sọnù. Ó rọra pa fáìlì mi dé, ó ní mo kú àárẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pè mí fún intafíù ní Odeda, Màmá Tíṣà ní òun fẹ́ jẹ́ ọ̀gá fún mi ná. Ó gbé àpótí ìdáná sí àgbàlá, ó ní kí n jókòó. Ó béèrè eléyìí, mo dáhùn. Ó béèrè tọ̀hún, mo dáhùn. Bó ṣe kan ìbéèrè yẹn, ó ní kí n dúró. Ó ní ojú òun ni mo ń wò látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ló wá dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ òun ni mo ń wò báyìí? N kò lè parọ́ fún un. Mo sọ ọ́.

Bàbá, ohun tí mo sọ fún un rèé. Wọn kò dín òṣìṣẹ́ kù ní oko adìẹ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ṣakí. Wọ́n lé mi ni. Ìkáwọ́ mi ni fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn adìẹ wà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yọ wáyà rẹ̀ kí n lè fi iná sí fóònù mi, mo sì gbàgbé láti dá a padà. Ọjọ́ Ajé ni mo tó rí i. Àwọn ìgò náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fojú wò wọ́n, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo dá wáyà padà, mo dákẹ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n fún àwọn adìẹ. Nígbà tí àìsàn dé, ilé adìẹ méjì ló ṣófo. Ìgbà tí wọ́n ń di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn ni mo tó jẹ́wọ́.

Mo rò pé Màmá Tíṣà yóò bú mi. Kò bú mi. Ó béèrè pé kí ni mo mọ̀ báyìí tí ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí kò lè mọ̀? Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń rò ó.

Ó tún ní kí n lọ wo ọ̀nà ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Odeda. Bí mo ṣe dúró ní ẹnu géètì, ọkọ̀ kan ń jáde bọ̀, páálí oníhò ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń ké ṣíoṣío. Baba aṣọ́nà ní òròmọdìẹ tó jáde nínú ẹyin láàárọ̀ ni, Owódé ni wọ́n ń kó wọn lọ. Mo béèrè ohun tí wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà. Ó ní wọn kì í jẹun, wọn kì í mumi. Mo ní báwo? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní géètì lòun ń ṣọ́, òun kọ́ ni dókítà. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ intafíù, èèyàn mẹ́ta ló jókòó: ìyá tó jẹ́ ọ̀gá, ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé, àti dókítà ẹranko kan tó ti hewú. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi béèrè ohun tó mú mi kúrò níbi iṣẹ́ mi. Mo gbójú sókè, mo ní wọ́n lé mi ni. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé dá bírò dúró. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn látòkèdélẹ̀.

Dókítà béèrè pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ìgbà wo lòun máa gbọ́? Mo ní kí n tó dá wáyà padà rárá. Ó ní báwo ni màá ṣe mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́? Mo ní ojú mi kò lè mọ̀ ọ́n, adìẹ ẹlòmíràn ni mo fi kọ́ ìyẹn. Torí náà n kò ní dá a pinnu mọ́. Ó ní bí òun bá wá bú mi ńkọ́? Mo ní ẹ ṣáà bú mi, èébú á tán kó tó di ọ̀sán. Ọ̀gá fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n wá ní ṣé mo ní ìbéèrè. Kí ni màá bi wọ́n bí kò ṣe ti òròmọdìẹ? Dókítà sún àga síwájú. Ó ní kí òròmọdìẹ tó jáde, á ti fa ìyókù pupa ẹyin wọ inú ara rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, ó lè gbé e ró fún ọjọ́ méjì. Mo ní ṣé ti adìẹ ilé náà rí bẹ́ẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló jẹ́ kí ìyá adìẹ lè dúró de àwọn ẹyin tí kò tíì pa. Mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wá wá. Ọ̀gá ló rán àwa méjèèjì létí pé àwọn míì wà níta.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pè mí. Kì í ṣe ìdí fìríìjì ni wọ́n fi mí sí o. Ọ̀gá sọ ọ́ gbangba pé òtítọ́ ló ṣí géètì fún mi, ṣùgbọ́n ìfọkàntán máa fẹsẹ̀ rìn dé ni. Mo gbà. Yíyẹ ẹyin wò ni iṣẹ́ mi: nínú òkùnkùn, a ó gbé e síwájú iná, a ó sì rí iṣan pupa tín-ín-rín bí òwú. Ìyá mi, bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí ohun kékeré kan tó ń sọ kúlúkúlú. Ọkàn òròmọdìẹ inú rẹ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, kò tíì sú mi.

Bàbá, Màmá Tíṣà àti àwọn àjèjì mẹ́ta ní ọ́fíìsì ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kí n tó sọ ọ́ fún yín. Ẹ dárí jì mí. Sàkà sọ fún mi pé látìgbà tí mo ti kúrò nílé, ẹ kì í kí Alájì tó ni oko adìẹ náà mọ́, pé bí ẹ bá jọ kírun tán, ẹ máa ń gba ẹnu ọ̀nà kejì mọ́sálásí jáde. Bàbá, kò ṣe mí ní ibi kankan. Èmi ni mo ṣe é ní ibi. Ní Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ jáde, kí ẹ nawọ́ sí i.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Ojú yín kò ní rí ibi, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ará bẹ́ǹṣì, ẹ kí Alájì.

Èmi ni ọmọ yín,
Ráfíátù