Ọwọ́ Ọmọ Mi Ni Mo Rí Nínú Géèmù Yẹn

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo gbà á ládùúrà pé nígbà tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ó bá ọ nínú ara líle, kí iṣẹ́ sì máa lọ déédéé ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ọ́ sí. Àwa náà wà, kò sí ewu. Ìyá rẹ ń kí ọ gan-an ni. Orúnkún mi tó lé mi kúrò nídìí ọkọ̀ èrò ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, ṣùgbọ́n kò tíì dá mi jókòó.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo mú bírò nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá ti dárúkọ géèmù lórí fóònù báyìí, ńṣe lo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà sórí oògùn orúnkún. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Torí náà jókòó, fara balẹ̀, kà á dópin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kì í ṣe kékeré, ó sì dára.

Nígbà tí o ń lọ, o sọ fún mi pé kí n máa tan kọ̀ǹpútà rẹ lóòrèkóòrè kó má bàa kú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ilé dákẹ́, mo jókòó sórí àga rẹ, mo rí ibi tí o kó àwọn dẹ́mò rẹ sí. Èmi rò pé fíìmù ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló là mí lóye lórí fóònù. Ó ní kì í ṣe fíìmù rárá, pé gbogbo bọ́tìnnì tí ọwọ́ ẹni tẹ̀ àti gbogbo ibi tí ẹni náà yíjú sí ni kọ̀ǹpútà ń fi pa mọ́. Pé bí wọ́n bá ṣí i, géèmù fúnra rẹ̀ á tún eré náà gbá lójú wa gẹ́gẹ́ bí ẹni náà ṣe gbá a. Ojú ẹni tó gbá a la ó sì fi máa wò ó. A ò ní rí ara rẹ̀, àfi ọwọ́ méjì àti ẹnu ìbọn. Èyí bá mi lára mu. Awakọ̀ náà kì í rí ara rẹ̀, ọ̀nà ló ń rí.

Géèmù náà dàgbà jù ọ́ lọ. Ògiri rẹ̀ dà bíi páálí tí wọ́n kùn lọ́dà, àwọn iwin inú rẹ̀ sì rí ṣágiṣàgi bí ẹni pé káfíńtà tó ń kánjú ló gbẹ́ wọn. N kò tijú láti sọ pé mo gbádùn ẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ lè di ojú kó sì mọ ẹni tó ń wakọ̀ nípa bó ṣe ń tẹ bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá mọ ọwọ́ rẹ. Kí o tó gba ẹnu ilẹ̀kùn èyíkéyìí kọjá, wàá wo òsì, wàá wo ọ̀tún, wàá tún wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì. Bí ọta bá ku díẹ̀ nínú ìbọn, o kì í sáré. Ńṣe lo máa ń rọra rìn bí ẹni tó gbé omi kíkún dání. Ìyá rẹ wọlé bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni mò ń wò. Mo ní, ọmọ ẹ ni. Ó fa àga, ó jókòó. Kò rí ọmọ kankan níbẹ̀, ìbọn àti iwin ló rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó mi orí, ó ní òótọ́ ni, pé bí o ṣe máa ń yẹ abẹ́ ibùsùn wò ní kékeré nìyẹn.

Báyìí ni mo ṣe dé inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá géèmù náà. Wọ́n ní ojú ewé kan lórí ayélujára tí wọ́n ti ń pín dẹ́mò fún ara wọn. Wọ́n á wò ó, wọ́n á yin ẹni tó yẹ, wọ́n á sì bá ẹni tó kù-díẹ̀-káàtó wí. Mo fi Awakọ̀ ṣe orúkọ ìnagijẹ níbẹ̀. Oníṣègùn eyín kan ni alábòójútó wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Òun ló kéde pé ẹgbẹ́ fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣáájú wọn lọ sí ìdíje, pé ẹni tó bá lè fi dẹ́mò hàn pé òun la ilé àwọn iwin náà já láìfarapa ni àwọn máa mú.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Kìnnìún fi gbé tirẹ̀ jáde. Ìyìn ń rọ́ lù ú láti ọ̀tún àti òsì. Èmi náà ṣí i, ife tíì wà lọ́wọ́ mi. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tún wo òsì. Mo gbé ife sílẹ̀. Nígbà tó dé yàrá olópòó, tó fẹ̀yìn ti òpó, tó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń mí kó tó yọjú, mo ti mọ ẹni tí mò ń wò. Mo ṣí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ, mo fi wọ́n wéra. Ìṣísẹ̀ kan ò yẹ̀. Orúkọ nìkan ló yàtọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo pè ọ́ láti sọ ohun tí mo rí fún ọ, tí o sọ pé, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Eré ọmọdé ni, mo ti dàgbà.” Mo gbọ́. Mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, torí o ti sọ fún ìyá rẹ bí ọ̀gá yín ṣe fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ nígbà tó gbọ́ pé o ń gbá géèmù, àti pé láti ìgbà náà lo ò ti fọwọ́ kàn án mọ́. N kò bá ọ jiyàn. Nígbà tí mo sọ èsì rẹ fún ìyá rẹ, aṣọ ló ń ká lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Bí ọmọ bá ní òun ò wọ aṣọ òun mọ́, ṣé ìyẹn ni kí olè wá máa fi yan lójú wa?” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí alábòójútó. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n pé fáìlì méjì tó jọra ò lè fúnra wọn sọ èwo ni ìyá, èwo ni ọmọ. Kìnnìún ní tirẹ̀ kọ ọ́ sójú gbogbo ayé pé bàbá arúgbó kan tí kò mọ ẹnu ìbọn yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ ló fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n bú u padà. Mo ní rárá, ẹni tó mọ ọ̀nà kì í fọn fèrè jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: ṣé Kìnnìún lè kó àwọn dẹ́mò ibi tí iwin ti pa òun jáde?

Ìwọ kì í pa dẹ́mò rẹ rẹ́, bóyá o ṣe dáadáa, bóyá o ò ṣe dáadáa. Gbogbo wọn ni mo ti wò. Mo rí ọjọ́ tí iwin kan fò mọ́ ọ láti òsì lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí o kú láìtíì yìnbọn kan. Nínú dẹ́mò tó tẹ̀lé e lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo òsì. Mo rí ọjọ́ tí o sáré wọ yàrá olópòó tí wọ́n fi ojú rẹ rí màbo. Lẹ́yìn ìyẹn lo mọ òpó tó ṣeé fẹ̀yìn tì. Èèyàn lè jí ibi tí ẹnì kan dé, kò lè jí ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Alábòójútó ní kí gbogbo wa pàdé lọ́sàn-án Sátidé ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa ń gbá a. Mo gbé kọ̀ǹpútà rẹ lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ tí mo fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ló ń wà á, ó ń já kọ́nà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo bá a wí lójú àwọn èrò, inú wọn dùn. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti fi téèpù lẹ wáyà mọ́lẹ̀ káàkiri, aṣọ funfun ńlá kan wà lára ògiri tí àwòrán ń hàn lórí rẹ̀, àga oníke kò sì ká àwọn tó wá. Wọ́n fún mi ní tèmi níwájú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn dẹ́mò rẹ láti orí àkọ́kọ́. Nígbà tí o kú lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n rẹ́rìn-ín. O tún kú, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà ń dín kù. Bàbá wẹ́dà kan tó wà lẹ́yìn wí jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ wò ó, ó ti ń mọ̀ ọ́n.” Láti ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń bá ọ wọlé, wọ́n ń bá ọ wòsì. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn fi dé, tí o la gbogbo rẹ̀ já láìfarapa, mo rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n mí kanlẹ̀. Alábòójútó wá yíjú sí Kìnnìún, ó ní kó gbé tirẹ̀ wá.

Ọ̀dọ́kùnrin tín-ín-rín kan ni, iṣẹ́ títún fóònù ṣe ló ń ṣe. Orúkọ nìkan ni kìnnìún tó wà lára rẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Ó ní, “Kì í ṣe tèmi. Mi ò ní ẹyọ kan.” Ó ṣàlàyé pé òun rí i ní ojú ewé kan tó ti kógbá sílé, níbi tí o gbé e sí nígbà kan pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ rẹ, Ológbò, tí ẹnikẹ́ni ò sì yà wò ó.

Àwọn kan ní kí wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo wí. Mo ní èmi kọ́ ni mo gbá géèmù náà, ẹni tó gbá a ló ni ìdájọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kó tó kúrò níbẹ̀, kó jókòó, kó gbá tirẹ̀, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ bí dẹ́mò. Ó jókòó. Yàrá kejì ni iwin ti gbé e mì. Ọwọ́ rẹ̀ yára lọ síbi bọ́tìnnì tó máa pa á rẹ́. Alábòójútó ní kó fi sílẹ̀, ó sì kọ orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà sí i, èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ló bá mi gbé kọ̀ǹpútà rẹ dé ibùdókọ̀. Lójú ọ̀nà ló sọ ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, “Bàbá, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbá géèmù yìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kú ni mo máa ń pa á rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Mo wá wẹ̀yìn wò, mi ò rí nǹkan kan.” Mo sọ fún un pé ó ti ní ẹyọ kan báyìí, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Mo ti jíṣẹ́.

Ọmọ mi, àwọn dẹ́mò tí o ti kú yẹn ni gbogbo ẹgbẹ́ ń wò báyìí, ju èyí tí o borí lọ. Ìyá ọlọ́mọ kan kọ̀wé pé òun ti pa á tì ní yàrá olópòó, pé ọpẹ́lọpẹ́ ìṣubú rẹ, òun ti rí òpó tòun. Ìyá rẹ pàápàá ti ń jókòó sídìí rẹ̀. Kò tíì yìnbọn kankan, ó ní àwọn iwin náà ò ṣe òun ní nǹkan kan. Mo ní kí n gba tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n dúró kóun tún orí òun ṣe ná.

Ẹgbẹ́ ní ìwọ ni àwọn fẹ́ kó ṣáájú àwọn lọ sí ìdíje. N kò bá ọ gbà á, n kò sì bá ọ kọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ ni wọ́n ń wò, lórí ìyẹn àti lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin náà. Bí o bá ní o ò ṣe, ó tán, ọmọ mi náà ni ọ́. Ṣùgbọ́n má sọ fún mi mọ́ pé eré ọmọdé ni. Mo ti gbé èrò fún ọjọ́ ayé mi, mo mọ ojú ẹni tó ti rí ọ̀nà lọ, mo sì rí i lójú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn. Ọ̀gá tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín kò tíì rí ọ níbi tí o ti ń ṣe ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ti rí ọ.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ohun tí o bá fọwọ́ rẹ ṣe kò ní di ti ẹlòmíràn. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn tó mọṣẹ́, wọn ò ní fo orúkọ rẹ. Wàá pẹ́, wàá jẹun ọmọ, ojú wa á sì rí i.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí rẹ.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé yìí pa nígbà tí alábòójútó pè mí. Ó ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Ológbò wọ ojú ewé wọn lánàá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó wo dẹ́mò gbogbo láti orí àkọ́kọ́ dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó wo ti ọ̀dọ́kùnrin náà pẹ̀lú, ó sì jáde. N kò ní pè ọ́. Ìyá rẹ ti ń tẹ́ ibùsùn rẹ.