Ilé Diobu àti Ìwé Ìṣáwùrú Adébánjọ

Èmi, Jòsáyà Ọlátẹ́jú Ilésanmí, ọmọ bíbí Iléṣà, oníṣòwò aṣọ, tí mo ń gbé ní Diobu ní ìlú Port Harcourt, Ẹkùn Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ó jogún mi. Ọkàn mi kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti wú. Ṣùgbọ́n orí mi pé, iyè mi sì jí pépé. Ẹnikẹ́ni tó bá wí lẹ́yìn mi pé àìsàn ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, kí ẹ bi í léèrè ọjọ́ wo ni ara mi le tí mo sọ̀rọ̀ tó dùn ju èyí lọ.

Olúrónkẹ́, ọmọ mi obìnrin, ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti ń sọ. Ó mọ ìwé kọ. Mo ti pàṣẹ fún un kó má ṣe fo ọ̀rọ̀ kankan, pàápàá èyí tó bá kan òun fúnra rẹ̀. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí.

1. Lọ́yà Bọ́lárìnwá, tó lọ bá ẹjọ́ ní Enugu lọ́sẹ̀ yìí, ni mo yàn ṣe alámòójútó. Òun ló kọ́ mi ní òfin ìwé yìí. Kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kó má sì wá wàásù fún ẹnikẹ́ni.

2. Gbogbo gbèsè aṣọ tí àwọn ará Diobu, Rumuokwuta àti Woji jẹ mí, mo fi fún àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Iléṣà.

Ó pẹ́ tó ti ń sọ káàkiri pé òwò òṣómàáló tí mo ṣe ba orúkọ ìdílé wa jẹ́, pé mo ń lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà opó. Òótọ́ ni. Bí a bá ta aṣọ láwìn, tí ọjọ́ sì pé, òṣó là ń ló níwájú ilé onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí orúkọ tí wọ́n fi ń pè wá. Owó ìtìjú yẹn náà ni mo fi fẹ́ ìyàwó fún un. Kó wá lóṣòó fúnra rẹ̀ wàyí, kó mọ bí orúnkún ṣe ń dun èèyàn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí mi: bí mo bá kú láìní ìwé, kí erùpẹ̀ tó gbẹ lórí sàréè mi, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ yóò ti dúró níwájú ilé yìí.

3. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ní Diobu, àti owó tí mo fi sí báńkì fún ẹ̀kọ́. Kí gbogbo yín fetí sí èyí, nítorí òun gan-an ni ìwé yìí.

Adébánjọ, ọmọ mi ọkùnrin, ti wà ní ìlú òyìnbó láti ọdún 1957. Ó gba oyè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní òun fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí wọ́n fi ń pe èèyàn ní dókítà láìjẹ́ pé ó lè wo ẹ̀fọ́rí sàn. Ohun tó ń kọ́ ni ìṣáwùrú inú ẹrẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin ń fi agolo wọ̀n tà létí omi níhìn-ín. Ọdún kẹrin rèé tó ti wà lórí rẹ̀. Ìṣáwùrú fúnra rẹ̀ ìbá ti fi àyà wọ́ dé London.

Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń fún un ní owó ìrànwọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí purofẹ́sọ̀ rẹ̀ bí mo ti máa ń kọ sí oníbàárà tó bá fi ọjọ́ falẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni ọjà mi yóò jáde. Mo sì fi yé e pé ọmọ Ilésanmí kì í jẹun ọ̀fẹ́, pé mo ní ilé, mo ní ṣọ́ọ̀bù, n kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Wọ́n dáhùn pé inú wọn dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba owó ìrànwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ tálákà. Adébánjọ kọ̀wé sílé pé mo ti pa òun. N kò pa á. Mo kàn mú un padà sábẹ́ ọwọ́ mi ni. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ mi nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, mo sì fẹ́ kó máa ti ibẹ̀ wá bí mo tilẹ̀ kú.

Purofẹ́sọ̀ ní ó ku ọdún méjì. Báyìí ni kí wọ́n ṣe san owó ọdún méjì náà:

(a) Kí Adébánjọ máa kọ lẹ́tà lọ́dọọdún bó ti ń ṣe bọ̀, ní èdè Yorùbá, kó fi ṣàlàyé ohun tó ṣe láàárín ọdún. Ohun tí kò bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ sọ, kò tíì mọ̀ ọ́n. Kí purofẹ́sọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ló ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́.

(b) Kò gbọdọ̀ gbéyàwó kó tó parí. Kò gbọdọ̀ fi ìṣáwùrú sílẹ̀ lọ mú ẹranko mìíràn. Kò gbọdọ̀ ṣàìsàn. Èmi náà ṣàìsàn, mo sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù.

(d) Rónkẹ́ ni yóò ka lẹ́tà náà, òun nìkan sì ni onídàájọ́. Kó kọ ọ̀kan nínú gbólóhùn méjì ránṣẹ́ sí báńkì: Ó ń lọ síwájú, tàbí, Kò lọ síwájú. Kó má ṣe àlàyé.

(e) Bó bá kọ ọ́ pé ó ń lọ síwájú, kí báńkì san owó ọdún kan. Lọ́jọ́ tí Adébánjọ bá gba oyè rẹ̀, ilé yìí di tirẹ̀, kí Rónkẹ́ sì kó ẹrù rẹ̀ jáde kí oṣù tó tán.

(ẹ) Bó bá kọ ọ́ pé kò lọ síwájú, kí owó dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Kí Adébánjọ wá ọ̀nà ara rẹ̀ padà sílé, kí ilé àti owó tó bá kù sì di ti Rónkẹ́ títí láé.

Ọwọ́ akọ̀wé mi dúró díẹ̀ níbi yìí. Kó máa kọ ọ́ lọ.

Nínú àwọn ọmọ mi méjèèjì, Rónkẹ́ ni ìwé yé jù. Olùkọ́ rẹ̀ wá bẹ̀ mí nínú ilé mi. Mo yọ ọ́ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, nítorí owó ọmọ kan ni mo ní, mo sì gbé e ka ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó sunkún. Mo ní kó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Láti ìgbà yẹn ló ti ń ránṣọ, tí mo sì ń mú lára owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Adébánjọ ní òun nílò ìkarawun ìṣáwùrú láti ilé, Rónkẹ́ ló ń wọ ẹrẹ̀ lọ ṣà á nígbà tí omi bá fà, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń dì í sínú agolo bisikíìtì. Lẹ́tà ọdún yìí dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kà á fún mi, n kò lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé òun lóye rẹ̀. Ta ló tún yẹ kó ṣe ìdájọ́?

Kò fi ẹnu sọ ohun tí mo ṣe fún un rí. Ojú rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, láàárọ̀, lálẹ́, bó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú mi. Ó dára. Ọmọ òṣómàáló ni, mo sì mọ ohun tí òṣómàáló ń ṣe lọ́jọ́ tí onígbèsè rẹ̀ bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Yóò fi gbólóhùn kan ṣoṣo lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò nídìí oyè, yóò sì jókòó sínú ilé mi. N kò ní í sí níbẹ̀ láti rí i, ṣùgbọ́n mo ti ń gbádùn rẹ̀ láti ìsinsìnyí.

4. Èyí ó wù kó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ jẹ́ ti Rónkẹ́. Ó ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ san owó rẹ̀.

5. Àwọn ewúrẹ́ mi àti ibùsùn onírin jẹ́ ti Ibiere, obìnrin Okrika tó ń ta ẹja gbígbẹ, tó ti ń se oúnjẹ mi láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti kú.

N kò fẹ́ ẹ níyàwó, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn ará Iléṣà fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Inú ìwé ni mo ti ń sọ ọ́ nítorí ẹnu mi kò gbà á. Nígbà tí mo sọ ohun tó wà ní ìpín kẹta fún un, ó sọ ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Josaya, na pikin you born o, no be cloth you sell for credit.” Mo ní kó lọ wo ìkòkò rẹ̀. Ó lọ, kò sì tíì padà wá láti ọjọ́ Sátidé. Síbẹ̀, òun ló ni àwọn ewúrẹ́ náà. Òun nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn.

6. Lọ́yà kọ́ mi pé ìwé yìí kò ní ẹsẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí méjì tí yóò fọwọ́ sí i lójú mi. Ó ní ẹni tó bá sì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí kò lè gba ohunkóhun nínú rẹ̀. Bí mo tilẹ̀ fi odidi ilé fún un, òfin yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ké sí ọkùnrin méjì tí n kò fẹ́ fún ní nǹkan kan.

Èkíní ni Dagogo, káfíńtà, ayálégbé mi tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó ti ń retí pé kí n dárí owó ilé tó jẹ mí jì í. Kó san án. Èkejì ni Àkíbù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, oníṣòwò fìlà, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí. Ó máa ń rẹ́ mi jẹ nídìí ayò, ó sì rò pé n kò mọ̀.

7. Ohunkóhun tí kò bá rí olúwa rẹ̀ nínú ìwé yìí, kí ìjọ gbà á, kí wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Kí wọ́n má kọ orúkọ mi sára ògiri.

8. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti parí níbi tí mo wí yìí. Kò tíì parí.

Mo ní kí Rónkẹ́ ka ìwé náà sókè fún àwọn ẹlẹ́rìí. Ó kà á láti òkè délẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Dagogo ń wo àjà. Àkíbù dìde, ó ní, “Bàbá Bánjọ, a ti jọ jẹ, a ti jọ mu. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ọwọ́ mi ò ní sí nínú kí ẹ fi ọmọ kan pa èkejì.” Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì wọnú òjò lọ. Mo pè é. Kò wẹ̀yìn.

Òjò yìí ti ń rọ̀ láti àárọ̀, omi ti dé ẹnu àtẹ̀gùn, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kan lójú títì tí a lè pè. Dagogo ní, “Oga, law talk say two. Me one no go reach.” Ìgbà náà ni Rónkẹ́ sọ pé òun yóò fọwọ́ sí i.

Mo rán an létí ìpín kẹfà. Ó ní òun lòun kọ ọ́. Mo ní ilé náà yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, Adébánjọ ì báà yege tàbí kó má yege. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ pàápàá yóò di ti ìjọ. Ó ní, “Bàbá, ìwé mẹ́fà tí ẹ fún mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ n lò ó lẹ́ẹ̀kan.”

Mo lè ní ká dúró di ọ̀la. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ bí èémí mi ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí mo bá kú láìfọwọ́ sí i, àbúrò mi yóò kó gbogbo rẹ̀, Adébánjọ kò sì ní í rí kọ́bọ̀ gbà. Bí ọmọ yìí bá fọwọ́ sí i, onídàájọ́ tí kò ní èrè kankan nínú ìdájọ́ ni mo fi sílẹ̀ yẹn, kì í sì í ṣe ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ó dúró níwájú mi pẹ̀lú kálàmù, kò bẹ̀ mí, kò sì kúrò. Èmi àgbà òṣómàáló, ọmọ mi wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà mi.

Inú bí mi. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, n kò sì rí ohun tí mo ti rò pé mo ń rí níbẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Kó kọ ìyẹn náà.

Mo fọwọ́ ara mi sí ìwé yìí ní Diobu, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, ọdún 1964.

J. Ọ. Ilésanmí

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Dagogo Iyalla, káfíńtà. Ó tẹ ìka.

Ẹlẹ́rìí kejì: Olúrónkẹ́ Ilésanmí, aránṣọ, ọmọ ẹni tó ni ìwé.

Sí báńkì, nípa lẹ́tà ọdún yìí: Ó ń lọ síwájú.
O. Ilésanmí, onídàájọ́.