Ẹ Má Fá Irun Màámi Mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, ẹ má fá irun Màámi o, ẹ má sì fá tiyín bí ẹ ṣe lérí pé ẹ máa bá wọn fá a. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìfárí yín lọ síbi iṣẹ́, torí mo mọ̀ yín: ọwọ́ yín máa ń yá ju etí yín lọ.

Èsì àyẹ̀wò jáde láàárọ̀ yìí. Wọ́n wo àwọn jíìnì tó ń darí bí kókó jẹjẹrẹ tí wọ́n gé kúrò lọ́mú Màámi ṣe ń dàgbà, ó sì hàn pé kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Dókítà ní oògùn líle tó ń já irun yẹn kò ní ṣe wọ́n láǹfààní tó ìyà tó máa fi jẹ wọ́n. Oògùn oníhóró ni wọn á máa lò lójoojúmọ́. Ewu ò tán pátápátá o, ṣùgbọ́n ó kéré.

Orí mi ṣì ń wú. Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn àlọ́, àmọ́ n kò rí irú èyí rí! Wọn ò méfò. Kókó náà gan-an ni wọ́n bi léèrè, ó sì jẹ́wọ́. Màámi ní, "Ṣebí a kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn dirun lálẹ́ yìí. Ẹ rọra fà á: wọ́n ní ó máa pẹ́ lórí àwọn.

Àbúrò yín