Lẹ́tà Tó Gbé Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Wá sí Dallas, Èmi Ni Mo Kọ Ọ́

Ọjọ́ Sunday ni, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí apartment wa ní Garland, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin na fóònù rẹ̀ sí mi pé, "Bá mi fèsì, ìwọ lo kàwé." Ìyàwó pásítọ̀ wa ló bá a wá obìnrin kan ní Ìbàdàn, tíṣà ni, ẹ̀gbọ́n mi ò rí i rí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀. Wárháùsì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Grand Prairie, bó bá dé, á jẹun, á sùn. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ọjọ́ kan ni... oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá a kọ text sí obìnrin náà.

Mo fẹ́ràn àwọn ìwé ìfẹ́ onígbàgbọ́ nípa Amẹ́ríkà àtijọ́, níbi tí obìnrin á ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ fẹ́ àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ju inú lẹ́tà lọ, tí Ọlọ́run á sì jẹ́ kó dùn. Ohùn àwọn àgbẹ̀ yẹn ni mo fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti padà ka gbogbo text náà. Pé ó níṣẹ́, kì í mutí, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni rí, òótọ́ ni. Pé ó máa ń jí gbàdúrà fún un kí ilẹ̀ tó mọ́, mi ò mọ̀, mi ò bi í rí. Nígbà tí bàbá obìnrin náà kú, mo kọ bí ikú màmá wa ṣe rí lára... lára tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dárúkọ màmá wa láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Àwọn àgbà ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọra, kí alárinà yẹ̀bá. Kí ló dé tí èmi ò yẹ̀bá? Ṣé torí ẹ̀gbọ́n mi ni, àbí torí mo ń gbádùn rẹ̀? Mo rò pé ìkejì ni.

Obìnrin náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti gba fisà dé, ilé pásítọ̀ ló wà. Ó fi ọdún méje jù mí lọ, síbẹ̀ kò jẹ́ pe orúkọ mi, Ẹyinjú-ẹgẹ́ ló ń pè mí torí mo jẹ́ ọmọ ilé ọkọ. Ní Tuesday ó wá se oúnjẹ fún wa, ó ní ẹnìkan ti fẹ́ fẹ́ òun n'Ìbàdàn, àmọ́ text tí òun gbà nígbà ikú bàbá òun ló jẹ́ kí òun yan ibí. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi: "Ẹ máa kà á fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó o, kí àwọn tó ní ẹ kì í sọ̀rọ̀ lè gbọ́." Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi. Èmi ni mo dáhùn pé á kà á.

Saturday tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Bí mo bá sọ, obìnrin náà lè padà sílé láìníṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á sì di onírọ́. Bí mi ò bá sọ, ta gan-an ni ó ń bá ṣègbéyàwó? Ṣé kò yẹ kó mọ̀ kó tó búra? Ṣé kí n bá a sọ̀rọ̀ tààrà, àbí kí n ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fúnra rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ má kàn sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á.

Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo gbé e lé e dé parking lot. Ohun tí mo fojú mi rí ni pé ó jókòó sínú mọ́tò, ó gbé fóònù lé orí steering, ó ń fi bírò da ohun tí mo kọ nípa màmá wa kọ sínú ìwé, omi sì wà lójú rẹ̀.