Wọ́n Fi Mí Ṣe Olùgbàlejò Ìpínlẹ̀

Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé, àní mo kí ẹni òkè yín tí o ní ó máa ń fa àga kiri. Ṣé ara le? Èmi náà ń bẹ láàyè, orúnkún ló kàn ń ṣe bí orúnkún. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣìnà nínú ìlú ńlá náà, kò sì ní jẹ́ kí ìlú náà gbé ọ mì.

Ìròyìn pọ̀. Bàbá rẹ ti di èèyàn ìjọba. Akọ̀wé kan wá láti ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, ó ní ilé wa ló ṣáájú téèyàn bá ń wọ abúlé, ó wá gbé bẹ́ńṣì tuntun kan fún mi, pẹ̀lú pátákó, páálí ìwé kékeré, àti ìwé ńlá tí àlejò máa fọwọ́ sí. Ó ní kí n máa kí àlejò káàbọ̀, kí n máa sọ nípa ìpínlẹ̀ wa fún wọn. Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, mi ò rí ìdí tí mo fi ń tètè jí mọ́. Ní báyìí, kí oòrùn tó yọ mo ti wẹ̀, mo ti dé fìlà, mo ti jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Mo ti mọ ìwé kékeré náà sórí. Ológoṣẹ́ ni ẹyẹ ìpínlẹ̀ wa. Ológoṣẹ́ tí à ń sọ lókò láti kékeré, òṣìṣẹ́ ìjọba ni! Wọ́n ti jẹ ọkà bàbà tí mo sá sẹ́yìnkùlé tán, mo kàn ń wò wọ́n ni, torí mi ò fẹ́ ẹjọ́. Àkọmọ̀nà wa ni pé ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀, nítorí náà mo yọ ìdábùú ilẹ̀kùn iwájú lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ìyá télọ̀ tó wà lódìkejì títì nìkan ló tíì jẹ́ ìpè. Ilé olópòó mẹ́rin ló wà lára òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀, òpó apá òsì sì wọ́. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà, mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n tètè pè mí kó tó wó lu èèyàn.

Àmì kan tún wà lẹ́yìn ìwé náà àti lára pátákó, onígun mẹ́rin, tótòtó dúdú àti funfun ló kún inú rẹ̀. Mo rò ó títí, mo wá mọ̀ pé aṣọ ìpínlẹ̀ wa ni. Mo gbé e lọ bá ìyá télọ̀ kó bá mi rán irú ẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní òun ò ní ojú irú iṣẹ́ yẹn mọ́, ó ní kí n lọ jẹun.

Èèyàn méjì ló ti yà láti oṣù méjì. Ọ̀kan jẹ́ awakọ̀ tó ń wá omi tó máa dà sínú mọ́tò rẹ̀. Mo bu omi fún un, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyẹ, kí n tó dé orí òdòdó àti àsíá ìpínlẹ̀ ó ti ṣíná mọ́tò. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Mo tún fìlà dé. Ó na fóònù sí aṣọ ìpínlẹ̀ lára pátákó, ó wo fóònù náà fúngbà díẹ̀, ó ní òun ti ka gbogbo ẹ̀, ó ní ẹ ṣé bàbá. Mo ní kò tíì ka nǹkan kan, àwòrán aṣọ lásán ló yà, àsíá ń bẹ, ẹyẹ ń bẹ, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran. Nígbà tó lọ tán, mo padà jókòó. Mo sọ ọ̀rọ̀ àsíá náà fún ara mi, torí mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé nínú àwọn méjèèjì. Akọ̀wé padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní bí kò bá sí orúkọ kankan níbẹ̀ títí ìparí oṣù, àwọn á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé epo. Ó rí i pé ojú mi fà ro, ló bá ní ṣé mi ò lọ́mọ níbòmíì ni. Mo ní mo ní. Ó ní ìgbà wo ni ìwọ ọmọ mi sùn sílé kẹ́yìn. Mo ní ọdún kẹrin nìyí, nígbà ìsìnkú ìyá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, àlejò ni ọ́, kí o wá fọwọ́ sí i.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo dìde lórí bẹ́ńṣì ìjọba. Mo ní yàrá rẹ ń bẹ, èmi ni mo mọ ọ́n, èmi ni mo rẹ́ ẹ, àti pé lọ́jọ́ tí mo rẹ́ ẹ, o tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ó ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, ọjọ́ á gùn gan-an bí wọ́n bá gbé bẹ́ńṣì náà lọ. Àdáwà ń pa mí lára. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi wọ mọ́tò wálé. Bí kò bá tó, sọ fún mi, mo ṣì ní irinṣẹ́ tí mo lè tà. Ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ dé ire. Ibi tí o bá fọwọ́ bà á tutù. O ò ní di ẹni àwátì.

Tí o bá dé, wàá rí ìwé àlejò náà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, bírò wà lórí rẹ̀. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ sí i. Kọjá lára rẹ̀, kí o wọlé. Kí wọ́n wá gbé bẹ́ńṣì wọn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.